Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Gan Lẹ́nu Iṣẹ́

Kò sí ẹ̀rọ kan tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tí kì í ṣàìsàn. Ọkọ̀ a máa kú lójú ọ̀nà, aago a máa dúró, ẹ̀rọ ìránṣọ a sì máa já òwú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá bàjẹ́, ojú a máa rí i, etí a sì máa gbọ́ ọ. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ lè máa tàn, fáànù inú rẹ̀ lè máa fẹ́, kí àwòrán ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kedere, síbẹ̀ kí ó má dá ẹni tí ó ń lò ó lóhùn mọ́. Ọfà ojú rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan; bí a tilẹ̀ tẹ kíbọ́ọ̀dù títí ọwọ́ fi ń dunni, lẹ́tà kan kò ní jáde. Èyí ni a ń wí nígbà tí a bá ní kọ̀ǹpútà gan, òun náà sì ni àwọn ará ìgboro ń pè ní "háǹgì".

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Àwọn kan a fi ìbínú pa á, wọn a tún tàn án, wọn a tún pa á, bí ẹni tí ó ń na ọmọ aláìsàn nítorí pé kò dìde. Àwọn mìíràn a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pe ara rẹ̀ ní alátùn-únṣe. Bí onítọ̀hún bá sì ti wí pé ẹ̀rọ náà ti kú, owó tí wọ́n fi ọdún méjì kó jọ a bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n dájọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí kọ̀ǹpútà bá gan, àwọn afurasí tí ó wà nínú ọ̀ràn náà ju ẹyọ kan lọ, kò sì yẹ kí a dá èyíkéyìí lẹ́bi títí a ó fi rí ẹ̀rí.

Kí a tó lè mọ àwọn afurasí wọ̀nyí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì àti iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe. A lè fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣe àkàwé rẹ̀. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni processor, èyí tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà; òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ lé láti gé e ni RAM, èyí tí í ṣe ibi tí iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ máa ń wà. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà lórí tábìlì yìí a pòórá. Àpótí ńlá tí télọ̀ ń kó aṣọ oníbàárà pamọ́ sí ni hard disk. Ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ kì í parẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí ni power supply, tí ń pín iná fún gbogbo ara. Fáànù, tí ń fẹ́ ooru jáde. Àti pátákó ńlá kan tí gbogbo wọn so mọ́, tí a ń pè ní motherboard. Àwọn ètò tí a fi ń tẹ ìwé tàbí tí a fi ń ṣírò owó dà bí iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà gbé wá. Windows, tàbí irú ètò àgbà mìíràn bíi Linux, ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí ń pín iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan nínú gbogbo wọn bá kọsẹ̀, iṣẹ́ lè dúró.

Ìbéèrè kìíní tí olùwádìí níláti bi ara rẹ̀ ni èyí: ṣé gbogbo ẹ̀rọ ni ó gan, tàbí ètò kan ṣoṣo? Kí ó kọ́kọ́ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà kò gan rárá, iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó tẹ bọ́tìnnì Caps Lock. Bí kíbọ́ọ̀dù náà bá ní iná kékeré fún bọ́tìnnì yìí, tí iná náà ń tàn tí ó sì ń kú bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, ó jọ pé ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣì wà láàyè, àti pé ètò kan ni ó há. Bí iná náà kò bá yí padà rárá, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ẹ̀rọ ti gan.

Bí ó bá jẹ́ ètò kan ni, kí ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ewé kan tí a ń pè ní Task Manager yóò ṣí nínú Windows, yóò sì to orúkọ gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń lo processor, RAM àti hard disk tó. Èyí tí kò bá dáhùn mọ́ ni a ó yàn, òun nìkan ni a ó sì pa, kí iṣẹ́ àwọn yòókù má baà bá a lọ. Bí ojú ewé yìí kò bá ṣí, a lè tẹ Ctrl, Alt àti Delete pa pọ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ David Bradley ni ó ṣe ètò bọ́tìnnì mẹ́ta yìí nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1981. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá tẹ̀ wọ́n pa pọ̀ ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ni. Nínú Windows òde òní, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fún ni láyè láti yan ohun tí a fẹ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ọ̀nà tí ó kù ni kí a tẹ bọ́tìnnì iná ara àpótí náà mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10, títí ẹ̀rọ yóò fi kú. Èyí sàn ju kí a fa wáyà yọ lára ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Iṣẹ́ tí a kò tí ì fi pamọ́ yóò sọnù. Bí hard disk bá sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, ìwé náà lè di àkọsílẹ̀ àbọ̀, tí kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá jí, iṣẹ́ olùwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀rọ náà gan sínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́, àwọn ètò tí ó wà ní ṣíṣí, ìró tí a gbọ́, àti irú iná tí a ń lò, bóyá ti ìjọba ni tàbí ti jẹnẹrétọ̀. Windows pẹ̀lú ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí a ń pè ní Event Viewer, níbi tí ó ti ń kọ àṣìṣe sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò kọ́ ni ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìwà àìsàn náà yóò fi ara hàn.

Ká sọ pé akọ̀wé méjì wà ní ilé-ìwé méjì ní ìlú Ìbàdàn, tí kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì sì ń gan ní àkókò tí wọ́n ń tẹ èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ti akọ̀wé kìíní kì í gan ní òwúrọ̀. Ọ̀sán gangan ni, láàárín aago kan sí aago mẹ́ta, ìró fáànù rẹ̀ a sì ti máa pariwo kí ó tó gan. Àsìkò ọyẹ́ ni, àpótí náà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ti akọ̀wé kejì lè gan nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí ó bá fẹ́ ṣí èsì ọdún tí ó kọjá ni. Iná pupa kékeré iwájú àpótí rẹ̀ a tàn gbere láìṣẹ́jú, ìró bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, kọ̀-kọ̀-kọ̀, a sì máa jáde láti inú rẹ̀. Lójú ẹni tí kò wádìí, àìsàn kan náà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì. Bí alátùn-únṣe kan bá wá, tí ó sì wí pé kí àwọn méjèèjì lọ ra RAM tuntun, akọ̀wé kìíní yóò fi owó ilé-ìwé ṣòfò, ṣùgbọ́n ti èkejì yóò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó ti ń dúró de RAM ni hard disk rẹ̀ yóò máa kú lọ, ọjọ́ tí ó bá sì kú tán, èsì ìdánwò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá a lọ. Ọmọ tí ó bá padà wá gba èsì rẹ̀ láti fi wá iṣẹ́ yóò bá ọwọ́ òfìfo.

Ti akọ̀wé kìíní, ooru ni. Processor a máa gbóná bí ó ti ń ṣiṣẹ́, irin kan tí ó ní apá wẹ́wẹ́ ni ó sì ń fa ooru náà, kí fáànù tó fẹ́ ẹ jáde. Bí eruku ọyẹ́ bá dí àárín apá irin yìí, ooru kò ní rí ọ̀nà lọ. Processor òde òní a máa dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná jù. Bí ooru náà bá sì sún mọ́ ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ nínú wọn a pa ẹ̀rọ náà láti gba ara wọn là. Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà iná rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ìta, kí a sì ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Kí a fi ọwọ́ kan irin àpótí kí a tó fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn, nítorí pé iná àìrí tí ó wà lára ènìyàn lè ba ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ lé eruku náà jáde, kí a sì fi ìka di apá fáànù mú kí afẹ́fẹ́ má baà yí i ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti pẹ́ tí a ti ń lo ẹ̀rọ náà, ìpara tí ó wà láàárín processor àti irin tí ń fa ooru lè ti gbẹ. A ó nu ti àtijọ́ kúrò, a ó sì fi díẹ̀ nínú tuntun sí i.

Ti akọ̀wé kejì, hard disk ni a fura sí, níhìn-ín sì ni òfin tí ó ju gbogbo òfin lọ wà: kí a kọ́kọ́ kó iṣẹ́ jáde kí a tó wá ohun tí ó ń ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró wádìí ẹni tí ó dá iná sun ún kí ó tó gbé ọmọ jáde. Kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ó ṣe pàtàkì sórí disk mìíràn, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí a kò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a lè pe ètò tí ń jẹ́ CHKDSK láti yẹ disk náà wò. Bí a bá yí ètò náà padà, tí a ṣe àyẹ̀wò kí a tó ṣe ẹ̀dà, làálàá àyẹ̀wò náà gan-an lè pa disk tí ó ti ń kú lọ.

Àwọn afurasí mìíràn ṣì wà. Bí ẹ̀rọ bá ń gan kìkì nígbà tí a bá ṣí ètò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tábìlì télọ̀ ni ó kéré. Windows a bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan láti orí tábìlì lọ sínú àpótí, a tún máa kó wọn padà, iṣẹ́ a sì falẹ̀ títí a ó fi rò pé ó dúró. Kí a dín ètò tí a ṣí kù. Bí iṣẹ́ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, nígbà náà ni RAM tuntun tó wúlò. Bí ó bá ń gan láìní àkókò tàbí ìdí kan pàtó, RAM fúnra rẹ̀ lè ní àrùn. Windows ní ètò àyẹ̀wò tirẹ̀ fún èyí, tí a ń pè ní Windows Memory Diagnostic. Bí RAM bá jẹ́ méjì nínú àpótí, kí a yọ ọ̀kan, kí a fi èkejì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a sì fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn. Èyí tí ẹ̀rọ bá ń gan nígbà tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀daràn.

Iná pẹ̀lú a máa dá irú ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ìwọ̀n 230 volt ni a là sílẹ̀ fún iná ilé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń dé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gan nígbà tí iná bá rẹlẹ̀ tí ó sì tún ga, kí a fi UPS tí ó dára sáàárín òun àti ògiri kí a tó fi ẹ̀sùn kan ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí a bá ṣí àpótí, kí a tún wo àwọn kàpásítọ̀ tí ó dúró bí agolo kéékèèké lórí motherboard. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ tí a kò ṣe dáradára wọ inú kọ̀ǹpútà káàkiri ayé; orí wọn wú, omi inú wọn jò, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń gan tàbí kí wọ́n kú. Ẹni tí ó bá rí orí kàpásítọ̀ tí ó wú ti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe oníṣẹ́ má ṣe tú power supply fúnra rẹ̀, nítorí pé iná tí ó lè pa ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ tí a ti fi ètò tuntun kan sí i, tàbí tí a ti so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun mọ́ ọn, ni ó ti ń gan, kí a fura sí àlejò náà. Kí a tan ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí a ń pè ní Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba ètò tí kò ṣeé ṣe kí ó má lò ṣiṣẹ́. Bí kò bá gan níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn ètò kan ju lọ́rùn irin lọ. Kí a yọ èyí tí ó dé kẹ́yìn, kí a sì wá fáírọ́ọ̀sì kiri inú rẹ̀.

Nínú gbogbo ìwádìí yìí, ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó gbá eruku, tí ó pààrọ̀ RAM, tí ó sì yọ ètò mẹ́ta ní ọjọ́ kan náà lè rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ó wò ó sàn, bí àìsàn náà bá sì padà, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfìfo.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn pàápàá kò ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1997, ọkọ̀ òfuurufú kan tí kò ní ènìyàn nínú, tí a ń pè ní Mars Pathfinder, balẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ tí ó sì ń tún ara rẹ̀ tàn, tí iṣẹ́ ọjọ́ náà a sì dúró. Kò sí ẹni tí ó lè lọ síbẹ̀ lọ tú àpótí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ California gbé irú kọ̀ǹpútà kan náà kalẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ kan náà rán an títí tí òun náà fi ṣe àìsàn náà lójú wọn. Nígbà náà ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kan di ohun èlò kan tí gbogbo wọn jọ ń lò mú, iṣẹ́ pàtàkì kan ń dúró dè é, àwọn iṣẹ́ àárín sì ń tì í sẹ́yìn kí ó má lè ṣe tán. Ó dà bí ìgbà tí ìránṣẹ́ ọba ń dúró de korobá kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ ọmọdé létí kànga, tí àwọn àgbàlagbà kò sì jẹ́ kí ọmọ náà ráyè pọnmi. Ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà náà, nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ pàtàkì kò parí lákòókò, a pa gbogbo rẹ̀, a sì tún un tàn. Àwọn onímọ̀ náà fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ayé, àìsàn náà sì dópin.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe oníjìbìtì. Bí ó bá gan, ó ní ìdí, ìdí náà a sì máa fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wò ó. Ẹni tí ó ti kọ àmì wọ̀nyí sínú ìwé kò ní bẹ̀rù láti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ nígbà tí ọ̀ràn bá ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí pé yóò lè wí ohun tí ó rí, kì yóò sì rọrùn láti fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí a máa fi iṣẹ́ pamọ́ bí a ti ń ṣe é, kí ẹ̀dà iṣẹ́ náà sì máa wà ní ibòmíràn, kí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò bá gan má baà jẹ́ ọjọ́ ẹkún.

Ìbéèrè lórí àyọkà yìí

1. Àṣìṣe méjì wo ni àyọkà yìí sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà bá gan?
2. Kí ni tábìlì télọ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀ dúró fún nínú kọ̀ǹpútà? Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín wọn nígbà tí iná bá lọ?
3. Ṣàlàyé àwọn àmì tí ó fi hàn pé àìsàn kọ̀ǹpútà akọ̀wé kìíní yàtọ̀ sí ti akọ̀wé kejì.
4. Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kí a tó yẹ hard disk wò?
5. Báwo ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe rí ìdí àìsàn kọ̀ǹpútà Mars Pathfinder láìfi ọwọ́ kàn án?
6. Kọ àròkọ tí kò dín ní 250 ọ̀rọ̀ lórí òwe yìí: "Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀."